Ta Ni Yóò Bá Ará Ifẹ̀ Kọ́lé?

Láàárín 1971 sí 1973, Peter Garlake, onímọ̀ awalẹ̀pìtàn, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wú ilẹ̀ ní Ọbalárá àti ní Wóyè Asírí nílùú Ilé-Ifẹ̀. Àgbàlá ilé ni wọ́n bá nísàlẹ̀. Ògiri ti wó tipẹ́, ó ti padà di erùpẹ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àgbàlá ṣì le koko. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Wọ́n gbé èéfọ́ ìkòkò dúró lórí etí, wọ́n tò ó mọ́ra ní ìlà-ìlà, níbòmíràn wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ há a láàárín láti fi ṣe ọnà. Irú ilẹ̀ báyìí wà káàkiri ìlú náà, ní Ìta Yemòó, ní Lafogido, lábẹ́ ilé àwọn tó wà láyé lónìí. Ìtàn ẹnu àwọn àgbà Ifẹ̀ fi iṣẹ́ náà sábẹ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro iye ìkòkò tí yóò fọ́ kí àgbàlá kan ṣoṣo tó kún. Agbo ilé kan ò lè dá a ṣe. Ẹnì kan ń kó èéfọ́ jọ, ẹlòmíràn ń tò ó, ẹlòmíràn ń bọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó láṣẹ ló sì pe gbogbo wọn jọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ ilé tó wọ́n ní Ifẹ̀ lónìí bí ẹni pé ìgbà tí sìmẹ́ǹtì gbówó lórí ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn ìlú yìí, ìgbà tí ọmọ ìlú lásán bá rí ilé kọ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló bá a pín ìnáwó rẹ̀. Ìgbà tí apá rẹ̀ ò bá ká a, òun nìkan ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà rù. Ìjọba ti gbìyànjú láti gbà nínú ẹrù yìí, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ọkàn rere, àmọ́ ibi tí ẹrù náà ti wúwo jù kọ́ ni ìjọba máa ń fọwọ́ sí.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ọkùnrin tó fẹ́ kọ́lé kì í ra ilẹ̀. Ó tọ olórí ẹbí lọ, wọ́n sì fi ibi tí yóò kọ́ ọ sí hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo ilé baba rẹ̀. Amọ̀ tí yóò fi mọ ògiri wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á bu omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ á fẹsẹ̀ pò ó títí kò fi ní kókó mọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á máa sù ú ní ìṣù-ìṣù, wọ́n á máa jù ú sókè fún ẹni tó ń mọ ọ́n lórí ògiri. Wọn kì í mọ ọ́n lọ sókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á sán tàbí kó tẹ̀ síbì kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ògiri bá pé, wọ́n á fi igi àti ọparun ṣe àjà àti òrùlé, wọ́n á fi ewé gbòdògì bò ó.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Onílé á pe ẹgbẹ́ rẹ̀, á pe ẹbí, á pe àwọn tó fẹ́ ọmọ rẹ̀ sílé, wọ́n á sè, wọ́n á gbé ẹmu kalẹ̀. Kò sanwó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè: bí ọ̀kan nínú wọn bá pe ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, dandan ni kó yọjú. Kò yẹ ká sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run rere o. Nínú ilé ńlá ńlá, nínú ilé ọba àti ti ìjòyè, ọwọ́ ẹrú àti ti ìwọ̀fà wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ò sì lẹ́ni tí wọ́n lè pè lọ́wẹ̀. Síbẹ̀, fún ọmọ ìlú lásán, ilẹ̀, èròjà àti iṣẹ́ ọwọ́, ohun mẹ́ta tó ń jẹ owó jù nínú ilé, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dá nìkan wá owó rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí Ifẹ̀ ní láti wá ibùgbé fún èrò tí kò retí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, àwọn tó sá fún ogun rọ́ wá sí ìlú inú igbó. Àwọn tó dé Ifẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé láàárín onílé, nínú agbo ilé àwọn ìjòyè àti àwọn ọlọ́rọ̀, wọ́n ń bá wọn roko, wọ́n ń bá wọn jagun. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àjọgbé náà di ìjà. Ní nǹkan bí 1847, Ọọ̀ni Abewéilá yọ ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́bàá ìlú, ibẹ̀ ló di Mọdákẹ́kẹ́. Kábíyèsí ò kọ́ ilé kankan fún wọn. Ilẹ̀ ló fún wọn, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ́ ìyókù, ìlú náà sì dìde láàárín ọdún díẹ̀.

Ohun tí ìpinnu náà ò yanjú ni ẹni tó ni ilẹ̀, àti ohun tí ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ yóò máa san. Ogun ti 1849 àti ti 1882 ti ibẹ̀ wá. Wọ́n tú Mọdákẹ́kẹ́ ká ní 1909, àwọn èèyàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ní nǹkan bí 1922. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ò tán, ó tún ru sókè ní 1981, ní 1983, àti láti 1997 títí dé 2000. Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹjọ́ ogun náà ní ibi púpọ̀ tó ti lè kà á. Ohun tí mo fẹ́ ká rántí níbí ni ilé. Nínú ogun tó kẹ́yìn, ilé jóná ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó fi ogún ọdún kọ́ yàrá mẹ́fà, alẹ́ ọjọ́ kan ló sọ ọ́ di ayálégbé nílùú onílùú. Àwọn àdúgbò tó wà lójú ààlà dá páropáro, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ náwó lé ògiri tí kò mọ̀ bóyá òun lòun máa sùn nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ilé yóò ṣe rọ̀ ní Ifẹ̀, tí kò bá fi àlàáfíà ìlú méjèèjì ṣe ohun àkọ́kọ́, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kòkó ló sọ ilé Ifẹ̀ di ohun tí èèyàn ń fi owó ṣe. Láti àwọn ọdún 1920 títí dé 1950, owó kòkó ra pánù. Ewé gbòdògì kì í pẹ́ kó tó jẹrà, iná sì fẹ́ràn rẹ̀; pánù á pẹ́, kò sì ní gbaná. Owó kòkó náà ló ra sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri amọ̀, ló sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn tó ń ra kòkó. Ẹni tó bá gba Ìrẹmọ tàbí Ìlódè kọjá lónìí ṣì ń rí wọn: amọ̀ nínú, sìmẹ́ǹtì lóde, pánù tó ti pupa lókè. Níbi tí rírẹ́ bá ti bó, amọ̀ náà yọjú síta, ó ṣì dúró lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún. Àwọn ilé yìí lẹ́wà, inú mi sì máa ń bàjẹ́ nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ní ilé tálákà.

Ṣùgbọ́n pánù, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Kòkó, àwọn tí kò mọ Ifẹ̀ ló ń dá iye rẹ̀. Bíríkìlà àti káfíńtà di oníṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbowó. Ọ̀wẹ̀ ń kúrò nídìí ilé kíkọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹrù sì ń padà sórí ẹnì kan. Ohun tó dìde dípò rẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èsúsú ti wà láàárín wa tipẹ́. Ní 1934, C. F. Strickland kọ ìwé fún ìjọba amúnisìn nípa bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dì í mú. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni kí kòkó wọn lè rówó tó dára, àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi owó tí wọ́n yá ṣe: ilé wà nínú rẹ̀.

Ní Ifẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Nígbà tó máa wọlé, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ló mú kí wọ́n dá àjọ Lagos Executive Development Board (LEDB) sílẹ̀ ní 1928, iṣẹ́ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni wíwó ilé. Ní 1956 ni Nigerian Building Society bẹ̀rẹ̀, ilé ìfowópamọ́ tó ń yáni lówó kọ́lé. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá àjọ ilé kíkọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí ló bí Bódìjà ní Ìbàdàn. Wọ́n ṣe Bódìjà dáadáa: wọ́n la ọ̀nà, wọ́n fa omi, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé tí èèyàn lè máa san díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè san án, akọ̀wé àgbà ni, dókítà ni, lọ́yà ni. Bíríkìlà tó mọ ògiri Bódìjà ò lè gbé Bódìjà. Láti ìgbà náà, ìlànà ìjọba lórí ilé ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan: kí wọ́n kọ́ ilé parí, kí wọ́n wá ẹni tó lówó tó láti gbà á.

Ifẹ̀ ò rí irú Bódìjà gbà. Yunifásítì ló rí, èyí tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1962, ó sì kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní January 1967, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Oluwasanmi jẹ́ gíwá rẹ̀. Arieh Sharon, ọmọ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán àwọn ilé ńlá inú ọgbà náà. Lábẹ́ Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ìlú yọ̀ǹda ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà 11,000. Wọ́n kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́, wọ́n kọ́ ibùgbé fún akẹ́kọ̀ọ́, Fájuyì, Awólọ́wọ̀, Mọremí àti àwọn yòókù. Nígbà tí iye akẹ́kọ̀ọ́ ṣì kéré, inú ọgbà ni gbogbo wọn lè sùn. Nísinsìnyí, wọ́n ti lé ní 30,000. Yàrá tí wọ́n ṣe fún ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́jọ ń sùn nínú rẹ̀, àwọn tí kò sì ríbẹ̀ sùn tú jáde sí ìlú.

Ìlú ló gba àwọn ọmọ wọ̀nyí, láìsí owó ìjọba kankan. Ní Lágeré, ní Mayfair, ní Parakin, ní Asherifa àti lọ́nà Ẹdẹ, àwọn onílé la ilé ojúkojú wọn, wọ́n fi ilé ìwẹ̀ kún un, wọ́n sọ ọ́ di self-con. Ọ̀pọ̀ opó ló ń jẹun nínú owó ilé akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ò lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo náà ni obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Odò-Ogbè ń wá, òun àti òbí tó ń gbé Èkó ló sì jọ ń ná an. Òbí yẹn á san owó ọdún kan tàbí ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, á san ti ẹ́jẹ́ǹtì, á san ti àgírímẹ́ǹtì, kò ní janpata. Ojoojúmọ́ ni owó ń wọlé fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́; kò sí onílé tó fẹ́ gbà á lóṣooṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti ọ̀nà Ọndó lọ sí abúlé, tó sì ń fi owó ọkọ̀ san ohun tí owó ilé kò gbà.

Àsìkò epo rọ̀bì mú ìjọba àpapọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà tagbáratagbára. Wọ́n dá Federal Housing Authority sílẹ̀ ní 1973. Ní 1975, ìjọba Gowon fi ìwé béèrè sìmẹ́ǹtì tó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, èyí tó pọ̀ ju ohun tí èbúté Èkó lè gbà lọ fíìfíì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi dúró lójú òkun, wọ́n ń gbowó ìdúró lọ́wọ́ Nàìjíríà, sìmẹ́ǹtì sì ń gan nínú wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni ètò ìdàgbàsókè ọlọ́dún márùn-ún kẹta ti orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé 202,000: 50,000 ní Èkó, ìyókù káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà.

Ààrẹ Shehu Shagari tún gbé tirẹ̀ dé lẹ́yìn 1979: ilé 40,000 lọ́dún, 2,000 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ifẹ̀ wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Bọ́lá Ìgè ló ń ṣe gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, ẹgbẹ́ NPN ló wà ní ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tí UPN ń darí ò fẹ́ yọ̀ǹda ilẹ̀ tó dára fún ilé tí ẹgbẹ́ kejì máa fi ṣe kámpéènì, ìjọba àpapọ̀ náà sì kọ́ tirẹ̀ sí ibi tó bá ti rí, tó jìnnà sí ọjà, tó jìnnà sí omi. Nígbà tí ṣọ́jà gbàjọba ní 31 December 1983, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà ò tíì parí. Títí di òní, tí wọ́n bá ń pe ilé kan ní lókọ́ọ̀sì nílẹ̀ Yorùbá, ilé kékeré tó jìnnà síta ni wọ́n ní lọ́kàn.

Láàárín ètò méjèèjì yìí ni òfin kan jáde tó nípa lórí Ifẹ̀ ju gbogbo ilé tí wọ́n ṣèlérí lọ. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 29 March 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é dára: kí ilẹ̀ má bàa di ohun tí àwọn olówó díẹ̀ kó pa mọ́. Ní Ifẹ̀, ẹbí ṣì ń tà, olórí ẹbí ṣì ń fọwọ́ sí ìwé, sọ̀fíọ̀ ṣì ń wá wọnlẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ìwé tí ẹbí fún ọ kò tó mọ́. Bí o bá fẹ́ fi ilẹ̀ náà yáwó, o gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O, gómìnà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láti 27 August 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo lo máa lọ. Owó tí èèyàn máa ná lórí ìwé yẹn àti àkókò tí yóò fi dúró dè é tó láti gbé yàrá kan dúró, ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń ṣe nìyẹn: wọ́n á fi owó ìwé mọ yàrá.

Ibí gan-an ni mo ti rò pé àṣìṣe gbogbo ètò yìí wà. Ìjọba ń kọ́ odindi ilé fún àwọn tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé. Ẹ lọ sí Modomo tàbí ẹ̀yìn Parakin, ẹ wo ilé tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ni í ra ilẹ̀ lọ́dún kan, ó ṣe ìpìlẹ̀ lọ́dún kejì nígbà tó gba àjọ. Bùlọ́ọ̀kù dé lẹ́ńtù, ó dúró níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta torí ọmọ wọ ilé ìwé gíga. Nígbà tó rí pánù, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bò, òun àti ìdílé rẹ̀ sì kó wọlé. Wọ́n fi bùlọ́ọ̀kù dí ojú fèrèsé pálọ̀, koríko ń hù nínú pálọ̀ náà, ẹ̀gúsí tí ìyàwó sá wà lórí ìpìlẹ̀ yàrá tí wọn ò tíì mọ. Wọ́n ń gbé inú ilé ara wọn. Wọn ò jẹ onílé kankan lówó. Ètò wo ni ìjọba ní fún ọkùnrin yìí? Ilé tó ti parí tí wọ́n fẹ́ tà fún un, kò lówó rẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ohun tó nílò ni pánù, ìwé ilẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, àti omi.

Òfin National Housing Fund ti 1992, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní NHF, sún mọ́ ọn díẹ̀. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń yọ, ó sì wà lórí ìwé owó oṣù àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì tó wà ní Ifẹ̀. Ẹni tó bá ń dá a lè yáwó kọ́lé lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé yìí rọ̀ gidigidi. Ní November 2024, èlé tí báńkì àgbà fúnra rẹ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀ jẹ́ ìdá 27.5, ti báńkì tó wà lójú pópó sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gba owó NHF gbọ́dọ̀ ní ìwé ilẹ̀ tó pé, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti bíríkìlà tí kò gba owó oṣù ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń dá a títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ìdáwó wọn padà, wọn ò sì rí ilé kọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń kọ́ ilé òṣìṣẹ́ ní Ifẹ̀ ni alájẹṣẹ́kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe kan òrùlé. Ẹni tó bá fi owó pa mọ́ lẹ́gbẹ́ lè yá ìlọ́po rẹ̀. Ẹgbẹ́ ò béèrè C of O. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó mọ̀ ọ́n ló máa dúró fún un. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń ra ilẹ̀ ńlá lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n ń pín in fún ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ọ̀wẹ̀ ló tún padà wá yìí, ó kàn wá wọ aṣọ ìwé ni. Federal Mortgage Bank fúnra rẹ̀ ti rí i, ó ní owó tó ń yá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti nílẹ̀ láti fi kọ́lé fún ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ní ti àtúnṣe ilé fún ẹni tó fẹ́ fi kún èyí tó ti ní. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣe lórí ilé láti ìgbà Gowon, àwọn méjì yìí ni mo rò pé ó mọ ọ̀nà ilé wa jù. Àwọn náà ni ariwo wọn kéré jù.

Ní February 2024, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Báàgì sìmẹ́ǹtì kan gun 10,000 náírà kọjá, níbòmíràn ó ń lọ sí 15,000. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, àwọn mínísítà pe Dangote, BUA àti Lafarge sí ìpàdé ní Abuja. Àwọn ilé iṣẹ́ sọ ohun tó ń dùn wọ́n: gáàsì, dọ́là, ọ̀nà tó bàjẹ́, owó ibodè lórí ẹ̀yà ẹ̀rọ. Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí báàgì kan má ju 7,000 sí 8,000 náírà lọ, bí ibi tí wọ́n ń gbé e lọ bá ṣe jìnnà sí. Ìjọba náà ṣe ìlérí tirẹ̀. Ó wú mi lórí pé wọ́n jókòó. Sìmẹ́ǹtì wa kì í tún ti òkè òkun wá mọ́ bíi ti 1975, nílẹ̀ wa níbí ni òkúta rẹ̀ wà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Bí wọ́n bá pinnu, ó ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bí ó ṣe rí nígbà tó dé Ifẹ̀. Iye tí wọ́n dá ní Abuja kì í ṣe òfin. Dílà gba owó ọkọ̀ lé e, alátùntà tó wà lójú pópó gba tirẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ oníbùlọ́ọ̀kù, ọgbọ́n ló kù fún un. Oníbùlọ́ọ̀kù tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa á yọ bíi bùlọ́ọ̀kù oní-íńṣì mẹ́sàn-án 30 nínú báàgì kan. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì wọ́n, ẹ máa rí ẹni tó ń yọ 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èékánná ha á, á bọ̀ wálẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Ilé tí wọ́n fi irú rẹ̀ kọ́, ọmọdé ló máa sùn nínú rẹ̀.

Amọ̀ tó gbé ilé Ìlódè dúró láti ìgbà kòkó ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Nigerian Building and Road Research Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, tó ń sọ ọ́ di bíríìkì tó ń wọnú ara wọn láìlo mọ́tà púpọ̀. Kò wọ ọjà Ifẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Bíríkìlà wa ò kọ́ ọ, onílé sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní òun fi amọ̀ kọ́lé. Ìlú tó ní yunifásítì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé yíyà àti ètò ìlú yẹ kó ti tẹ̀ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí.

Àwọn tó wà nítòsí wa ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 1972, Báńkì Àgbáyé yá Sẹ̀nẹ̀gà lówó láti pín ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú Dakar. Wọn ò kọ́ ilé. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n fa omi, wọ́n pín ilẹ̀ fún ẹgbẹ́ àti ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí kálukú kọ́ tirẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Níbẹ̀rẹ̀ ó falẹ̀ débi pé àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Lónìí, Parcelles Assainies wà lára àwọn àdúgbò tí èrò pọ̀ sí jù ní Dakar, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀. Nàìjíríà náà gbé irú rẹ̀ lọ sí Bauchi àti Imo. Ohun tí Abewéilá ṣe fún àwọn ará Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí i, àfi pé ìwé ilẹ̀ ni Dakar fi kún un.

Ètò Renewed Hope tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024 fẹ́ kọ́ ilé 250 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ ọgbọ̀n. Àwọn tó máa rí i gbà nínú wọn yẹ fún ìkíni. Àmọ́ owó tó máa kọ́ ilé 250 parí lè la ọ̀nà kí ó sì fa omi sí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlọ́po ìdílé bẹ́ẹ̀ máa kọ́lé sí. Ìjọba Ọ̀ṣun lè bá àwọn olórí ẹbí Ifẹ̀ àti ti Mọdákẹ́kẹ́ jókòó, kí ẹbí mú ilẹ̀ wá, kí ìjọba mú ọ̀nà àti ìwé wá, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn kí wọ́n tó tà á, kí ìdá kan sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́, ní iye tí wọ́n á lè san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Yunifásítì náà ní ilẹ̀ tí ìlú fún un. Bí ó bá jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ fi owó ara wọn kọ́ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ sínú ọgbà, kí wọ́n sì dá iye owó ilé mọ́ wọn lọ́wọ́, yàrá á kù fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Lágeré. Ní ti sìmẹ́ǹtì, ilé iṣẹ́ tó lè dá iye ní Abuja lè tà tààrà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní iye yẹn, tírélà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó má gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá.

Ní ìpàdé ọjọ́ 19 February yẹn, ìjọba sọ tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì sọ tiwọn. Bí wọ́n bá tún máa pe irú rẹ̀, kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún àwọn alájẹṣẹ́kù, kí akọ̀wé wọn sì mú ìwé lọ tí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ilé wọn ti dúró sí lẹ́ńtù wà nínú rẹ̀, àti iye báàgì tó kù kí kálukú wọn tó lè bò ó.